Wọ́n Ní Ká Ṣì Dúró Ná: Iṣẹ́ Abẹ Bàbá Wa Lọ́dún Kòrónà

Àwa ìbejì la dé. Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé iyàn jíjà ló mọ́ wa lára ju ìwé kíkọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó lè dá a sọ nínú wa kí ìkejì má já a lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí a fi jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo láti kọ ọ́ pọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ní kíláàsì pé kòrónà ò pa ẹnikẹ́ni ládùúgbò wọn, pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. A ò dá sí i. Nígbà tí a dé yàrá la wá ń wo ara wa. Kòrónà ò mú bàbá wa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò bá a lára rẹ̀. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọdún kòrónà mú bàbá wa lọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kà wọ́n mọ́ àwọn tí àrùn náà ṣe lọ́ṣẹ́.

Káfíńtà ni bàbá wa, ní Mushin. Láti ìgbà tí a ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni ohun kan ti ń yọ sí i nísàlẹ̀ ikùn, lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Bó bá gbé pákó tó wúwo, á yọ. Bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Ìpá ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hernia. Màmá wa nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi ìpá ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tó ní in kì í fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Bàbá ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, ó ń mu àgbo, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún márùn-ún kọjá.

Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún 2019, ohun tó dà bí èso iyeyè níbẹ̀rẹ̀ ti tó ọsàn. Bàbá ò lè gbé pákó láti inú ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù láìdúró sinmi. Màmá ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣàlàyé fún un pé awọ ẹran tó di ikùn mú ló ti rọ̀ níbì kan, tí ìfun sì ń gba ibẹ̀ yọ jáde. Ó ní kò sí àgbo tó lè rán ihò náà, abẹ nìkan ló lè ṣe é. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní-òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń gbàgbé. Wọ́n ní tí wọ́n bá ṣe é láàárọ̀, ó lè máà ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kó tó padà sílé. Wọ́n dá ọjọ́ fún un: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, ọdún 2020. Màmá gba àjọ rẹ̀, ó kó owó náà pamọ́.

Ẹ̀yin náà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ìjọba sì ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ọdún kìíní la wà nígbà náà, ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì ní ẹ̀ka ìṣirò owó. A kó ẹrù wa wálé. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, Ààrẹ Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀: láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ajé, kónílé ó gbélé l'Ékòó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù bàbá wa dún. Nọ́ọ̀sì kan ni.

“Bàbá, ẹ kú ilé o sà. Ẹ má bínú, ẹ ò ní lè wá lọ́jọ́bọ̀ mọ́. Gbogbo iṣẹ́ abẹ tí kì í bá ṣe ti pàjáwìrì ni wọ́n ti sún síwájú. Ẹ ṣì dúró ná, a máa pè yín.”

Bàbá ní, “Kò burú, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kó tó di alẹ́, ó ti tú gbogbo ohun tí Màmá dì sínú báàgì fún un. Ẹ̀rù abẹ ti ń bà á láti ọjọ́ yìí, àti pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí wọ́n bá ní kó dúró ná, ọpẹ́ ló máa dá. Ká sòótọ́, àwa náà dúpẹ́.

A fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a ò dá ilé ìwòsàn náà lẹ́bi. Nígbà tó yá ni a kà nípa ìwádìí kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ láti orílẹ̀-èdè 24 ṣe, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Wọ́n wo aláìsàn 1,128 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì rí kòrónà lára wọn ní àsìkò iṣẹ́ abẹ náà. Láàárín 30 ọjọ́, 268 nínú wọn ti kú. Ẹni tí wọ́n bá là nínú, tí wọ́n sì ti kun lóorun, tí kòrónà bá tún wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wàhálà ńlá ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, àti àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn, gbogbo wọn ni wọ́n nílò fún àwọn tí kòrónà ti dá dùbúlẹ̀. Àwọn tó máa ń wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ náà wà nílé. Ẹni tó sún iṣẹ́ abẹ síwájú lóṣù Kẹrin ọdún náà ní ìdí tó fi sún un.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé wọ́n lè sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sún àìsàn síwájú. Àìsàn ò gbọ́ ìkéde Ààrẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀ yẹn ṣe lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì. Bàbá ò rí iṣẹ́ ṣe, Màmá ò lè lọ sọ́jà bó ṣe máa ń lọ. Owó àjọ tí a kó pamọ́ fún abẹ di gàrí, ó di ẹ̀wà, ó di owó iná. A ò mọ ìgbà tó tán. Nígbà tí ìjọba dẹ okùn náà díẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún, Bàbá sáré ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ sílé kí wọ́n tó ti ìlú, ìjọba ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Ta ló wá ń gbé pákó? Òun náà ni. Ẹni tí dókítà ní kó má gbé nǹkan tó wúwo, òun nìkan ló ń gbé pákó láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí pé a gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìpá náà ń tóbi. Tẹ́lẹ̀, bó bá dùbúlẹ̀ báyìí, ó ti wọlé. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó di dandan kó fi ọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀ kó tó lọ. Ó lọ ra ìgbànú kan tó ń fi di ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ mú. Oorun rẹ̀ dín kù. Ó ń fara ya sí wa lórí nǹkan kékeré. A rò pé àìríṣẹ́ ló ń dà á láàmú. Lóṣù kan náà, àwọn dókítà kan yanṣẹ́ lódì fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà kò tilẹ̀ wu wá láti pe ilé ìwòsàn.

Ibi tó ń dùn wá jù lókàn la dé yìí. Ní oṣù Keje, nọ́ọ̀sì náà pè. Ó ṣe bó ṣe sọ: ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí wọ́n sún ọjọ́ wọn síwájú, díẹ̀díẹ̀, pé Bàbá lè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá gbé fóònù fún wa, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

A jókòó, àwa méjèèjì àti Màmá. Èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wa ní àwọn èèyàn ń kó kòrónà ní ilé ìwòsàn, òun ti rí i lórí WhatsApp. Èkejì ní owó náà ò sí, kí a jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rọ́wọ́ mú díẹ̀. Màmá ní, “Ó ṣáà ń rìn, ó ń jẹun.” A pe nọ́ọ̀sì padà, a ní kó jọ̀ọ́, a máa dúró títí àrùn yìí á fi lọlẹ̀. Kò bá wa jà. Ó kàn sọ pé, “Ẹ gbọ́ o. Bó bá yọ tí kò wọlé mọ́, tó le, tó ń dùn ún, tó sì ń bì, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e wá kíákíá.” Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wa títí dòní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú oṣù Kẹjọ, igbe Màmá jí wa ní nǹkan bí aago kan òru. Bàbá ká bọ́rọ́ sórí ilẹ̀, ó ń bì. A tan tọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yọ náà le bí òkúta, awọ rẹ̀ ti ń pọ́n, kò jẹ́ kí ọwọ́ kan án. Àwa méjèèjì wo ara wa, ọ̀kan sáré lọ mú ìwé náà. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kà sílẹ̀ ló pé.

Òfin kónílé ó gbélé alẹ́ ṣì wà, láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́rin ìdájí. Aládùúgbò wa kan gbé ọkọ̀ rẹ̀, Ọlọ́run á bá wa san án fún un. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tan iná sójú Bàbá, wọ́n ní ká máa lọ. Ilé ìwòsàn aládàáni àkọ́kọ́ ò ṣí géètì. Láti inú ni wọ́n ti ń bi wá pé ṣé ó ń wúkọ́, ṣé ara rẹ̀ gbóná. A ní ìpá ni. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Èkejì ní ká lọ mú ìwé àyẹ̀wò kòrónà wá. Ní aago méjì òru! Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọba kan tó gbà wá, ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin, Bàbá ò sì sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn di ọwọ́ Màmá mú.

Àárọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà ni dókítà ṣàlàyé fún wa. Ihò tí ìfun gbà jáde ti fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ò dé apá ibẹ̀ mọ́, ìfun náà ti dúdú. Wọ́n gé èyí tó ti kú, wọ́n so méjèèjì tó kù pọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé a dúró di ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kí ìfun náà bẹ́ sínú ikùn. Ohun tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ abẹ ọjọ́ kan sí méjì di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ní ilé ìwòsàn. Ojú abẹ náà gbọgbẹ́, ó ń ṣọyún. Owó tí a ná ju ìlọ́po mẹ́rin owó àjọ lọ. Bàbá ta ẹ̀rọ tó fi ń la pákó, a sì jẹ gbèsè tí a san dé ọdún 2022.

Nígbà tí a padà sí ilé ẹ̀kọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ó yà wá lẹ́nu pé a ò dá nìkan wà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kóra jọ lábẹ́ orúkọ CovidSurg, tí ibùjókòó wọn wà ní Fásitì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣírò rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2020 pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí nǹkan le jù, iṣẹ́ abẹ tí a ti dá ọjọ́ fún tó lé ní mílíọ̀nù 28 ni wọ́n máa fagi lé tàbí sún síwájú káàkiri àgbáyé. Wọ́n ní bí àwọn orílẹ̀-èdè bá tilẹ̀ fi ìdá 20 nínú 100 kún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 45 kí wọ́n tó lè ṣe gbogbo èyí tó ti ṣẹ́ jọ tán. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí owó àti dókítà wọn ju tiwa lọ, àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú tó bíi mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ kí kòrónà tó dé. Nígbà tó di 2022, wọ́n ti ju mílíọ̀nù méje lọ.

Nínú iye yẹn, kì í ṣe ìyà kan náà ló ń jẹ gbogbo èèyàn. Ìyá arúgbó tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, tí ojú rẹ̀ ti funfun, bó bá dúró oṣù mẹ́jọ sí i, ó lè ṣubú ní báfúróòmù kí eegun itan rẹ̀ kán. Obìnrin tó ní fáíbírọ́ọ̀dù tó ń da ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ títí iṣẹ́ abẹ tó rọrùn á fi di èyí tó gba kí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Èyí tó burú jù ni ti àrùn jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 fi hàn pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin tí a bá fi dá iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ dúró, ewu ikú ń fi ìdá mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú 100 pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré! Ẹni tó dúró oṣù mẹ́ta ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ náà gan-an wà lára ohun tó ṣì wá lọ́nà. Elective ni àwọn dókítà ń pe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, a rò pé ohun tí èèyàn lè ṣe bó bá wù ú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé a ráyè mú ọjọ́ tó dára fún un. Iṣẹ́ abẹ tí a ráyè dá ọjọ́ fún lónìí lè di èyí tí a ń sáré gbé wọ ilé ìwòsàn lóru.

Torí náà, bí ẹ bá ní ẹni tí wọ́n sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú, ìbáà jẹ́ nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ìbáà jẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì tàbí owó, nǹkan mẹ́ta ni a bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ bi dókítà pé kí ni àmì tó máa fi hàn pé àìsàn náà ti kọjá ohun tí a ń dúró fún, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ẹ bi í pé kí ni aláìsàn ò gbọdọ̀ máa ṣe títí ọjọ́ á fi pé, àti ta ló máa bá a ṣe é. Tí wọ́n bá sì pè yín padà, ẹ sọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù fún dókítà kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò wá. Bí a bá sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé ẹ̀rù kòrónà ló ń bà wá, ó ṣeé ṣe kó ṣàlàyé ètò tí wọ́n ti ṣe. A ò sọ ọ́. A kàn ní a máa dúró.

Bàbá wa wà láàyè, a dúpẹ́. Kò gbé pákó mọ́. Àga kéékèèké àti àpótí ìjókòó ló ń ṣe jù báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé èyí tó wúwo. Kò fìgbà kan rí dá wa lẹ́bi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi wá ṣeré, ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí náà lẹ ní ká dúró.” Ó rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín. A ti ń wá bí a ó ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí a bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tí a lọ sílé kẹ́yìn, a bá a ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kun àga. Ọ̀rẹ́ náà ti ní ìpá láti bí ọdún méjì, ó ní òun ń wo bó ṣe máa rí. Bàbá wa, tó fi tirẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè lójú wa, ó fi àpá tó lọ láti òkè ìdodo dé ìsàlẹ̀ ikùn hàn án. Ó ní, “Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Káfíńtà ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.” Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló bá a lọ sí ilé ìwòsàn láti gba ọjọ́.

Ẹ bá wa pe àwọn òbí yín lónìí. Ẹ béèrè ohun tí wọn ò tíì sọ fún yín. Ire o.